Àpótí Ńlá Lè Má Dé: Bí Mo Ṣe Ń Múra Lálẹ́ Tó Ṣáájú Ìrìn Àjò Òkè Òkun

Alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò òkè òkun kì í ṣe alẹ́ tí à ń di ẹrù. Alẹ́ tí à ń yẹ ẹrù wò ni, tí à ń gbé e sórí òṣùwọ̀n, tí a sì ń yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí àpótí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí bàálù rẹ̀ sì máa gbéra láàárọ̀, kò ní ráyè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó ṣe kókó jù: bí àpótí ńlá yìí ò bá bá mi dé, ṣé mo ṣì lè wọ̀lú, kí n rí ibi sùn, kí n lo oògùn mi, kí n sì ṣe ohun tí mo torí rẹ̀ lọ? Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń pín ẹrù sí méjì. Ohunkóhun tí àìsí rẹ̀ bá lè dá ìrìn àjò dúró, inú báàgì ọwọ́ ló ń wọ̀. Ìyókù ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Bó bá dé, inú mi dùn. Bí kò bá dé, mo lè ra òmíràn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ kankan, ẹ tún tíkẹ́ẹ̀tì yín kà, kí ẹ fi ìka tọ ọjọ́ àti aago orí rẹ̀. Bàálù tó máa gbéra ní 00:30 ọjọ́ Ẹtì, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ ti wà ní pápákọ̀. Ẹni tó bá dúró di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ti fi odidi ọjọ́ kan pẹ́. Kì í ṣe òpè nìkan ló ń ṣe àṣìṣe yìí. Gbogbo wa la máa ń ka òru mọ́ ọjọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé aago ìgbéra jẹ́ aago ìlú tí ẹ ti ń lọ, aago ìbalẹ̀ sì jẹ́ ti ìlú tí ẹ ń bọ́ sí. Bí ẹ bá rí "+1" lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìbalẹ̀, ọjọ́ kejì lẹ máa dé. Ẹ wò ó bóyá òru ọjọ́ yẹn gan-an ni yàrá tí ẹ sanwó fún ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì máa balẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ò ní fún yín ní yàrá títí di ọ̀sán, àyàfi tí ẹ bá ti sanwó òru tó ṣáájú rẹ̀.

Ìwé ló tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó korò: púpọ̀ nínú ohun tó lè bàjẹ́ lára ìwé, kò sí ohun tí ẹ lè rí ṣe sí i mọ́ lálẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fẹ́ kí pásípọ́ọ̀tù ṣì ní oṣù 6 lórí nígbà tí èèyàn bá wọlé. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen (àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí físà kan ṣoṣo ń gbé èèyàn wọ̀) ní tiwọn ń fẹ́ kó ṣì ní oṣù 3 lórí lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, kó má sì tíì ju ọdún 10 lọ tí wọ́n ti ṣe é fún yín. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kì í ṣiṣẹ́ lójú òfin àfi tó bá pé ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí wọ́n gún un, nítorí náà yẹ́lò káàdì tí ẹ gbà lánàá kò lè mú yín kọjá lónìí. Àmọ́ ẹni tó ti gún un láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní láti tún un gún: láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016 ni ìwé náà ti di ohun tí èèyàn ń lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ bá ti inú pásípọ́ọ̀tù mu. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ni à ń yẹ gbogbo ìwọ̀nyí wò. Lálẹ́ yìí, ohun tó kù ni kí ẹ rí i pé wọ́n wà nínú báàgì.

Ìlú tí bàálù á ti yà ló ń gbé ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ṣubú. Wọ́n á ti gba físà ìlú tí wọ́n ń lọ, wọ́n á gbàgbé pé èyí tó wà láàárín náà ní òfin tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, èrò tó bá tilẹ̀ òkèèrè dé gbọ́dọ̀ wọ̀lú kó tó lè wọ bàálù kejì. Ẹni tó kàn ń kọjá lọ síbòmíràn gbọ́dọ̀ ní físà tàbí ESTA (àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí ìlú wọn kò nílò físà), wọ́n sì sábà máa ń ní kó gba àpótí rẹ̀ ní pápákọ̀ àkọ́kọ́, kó gbé e kọjá lójú àwọn aṣọ́bodè, kó tó tún fi í lé wọn lọ́wọ́. Wákàtí kan kò tó fún gbogbo wàhálà yẹn. Bákan náà, bó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ rà nítorí àtidín owó kù, ẹ má retí pé àpótí yín á fúnra rẹ̀ wọ bàálù kejì. Ẹ̀yin lẹ máa lọ gbé e, bí bàálù àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, kò kan èkejì.

Ohun kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ yìí gan-an: fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú tí wọ́n ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Singapore àti Thailand, fún àpẹẹrẹ, kì í gbà á ju ọjọ́ 3 lọ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa dé, nítorí náà kò ṣeé tètè ṣe. Ojúlé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lọ, ọ̀fẹ́ sì ni tàwọn méjèèjì yìí. Àwọn ojúlé mìíràn tó ń jọ ojúlé ìjọba, tí wọ́n ń gbowó lórí ohun ọ̀fẹ́, ló sábà máa ń yọjú ṣáájú bí ẹ bá wá a.

Mo ṣì ń tẹ nǹkan sórí pépà, bí àwọn èèyàn tiẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Fóònù lè kú, íntánẹ́ẹ̀tì pápákọ̀ lè ní kí ẹ kọ́kọ́ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ lórí síìmù tí kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ sùn, tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ẹ̀dà ojú ewé pásípọ́ọ̀tù tó ní àwòrán, ẹ̀dà físà: pépà mẹ́rin péré ni. Ẹ má fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù sínú àpò kan náà pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀, torí bí àpò yẹn bá sọnù, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ẹ fi bíírò kan sínú àpò àyà pẹ̀lú. Fọ́ọ̀mù pépà ò tíì tán láyé. Lẹ́yìn náà ẹ gbé máàpù ìlú náà sórí fóònù kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Ó wá kan ìwọ̀n. Kílò 23 ló wọ́pọ̀ jù fún àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Kílò 32 sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù fi ṣe òpin fún àpótí kan, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ sanwó lé e, nítorí pé èèyàn ló ń fọwọ́ gbé e, ẹ̀yìn ọmọ èèyàn kì í sì í ṣe irin. Gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn àpótí, bí ẹ bá ro wọ́n pọ̀, kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ sì wọn táyà àti ìdìmú mọ́ ọn. Ohun tí a kì í kà sí ni pé àpótí lófìfo ti ń jẹ kílò 3 sí 5 nínú 23 yẹn. Àpótí líle oníkílò 5 rẹwà lójú, àmọ́ kí ẹ tó fi ṣéètì kan sínú rẹ̀, ó ti lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún ààyè yín tó ti lọ.

Bí ẹ ò bá ní òṣùwọ̀n àgbékọ́, ẹ gun òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara, ẹ kọ iye tó bá mú sílẹ̀, ẹ wá gbé àpótí dání kí ẹ tún gùn ún. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Kílò 21 àbọ̀ ni mo máa ń dúró sí. Òṣùwọ̀n ilé àti ti pápákọ̀ kì í bára mu tán, nǹkan kan sì wà tó máa ń wọlé láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò ṣáá: bàtà ìwẹ̀, aṣọ tí a fi sùn, báàgì ọṣẹ. Bí ìwọ̀n bá lé, ẹ má yọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́wàá. Ẹ wá bàtà kejì, ẹ wá ìwé, ẹ wá sòkòtò jíǹsì, ẹ wá ìgò ọṣẹ olómi. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n wà. Àwọn ọ̀rá tí a ń fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde ń tan èèyàn: wọ́n ń mú kí aṣọ kéré, wọn kì í mú kó fúyẹ́. Àpótí á dà bí èyí tó ṣì ní ààyè nínú, ẹ ó máa tì í kún, nígbà tó bá dé orí òṣùwọ̀n, ó di kílò 29.

Ẹ wọn báàgì ọwọ́ náà. Àwọn kan ń gba kílò 10, àwọn míì kò ju 7 lọ, ẹnu ọ̀nà bàálù sì ni wọ́n ti sábà máa ń wọ̀n ọ́n, níbi tí kò ti sí ẹni tí ẹ lè gbé ẹrù fún mọ́. Bí ìrìn àjò bá ní ilé iṣẹ́ bàálù méjì nínú, òfin èyí tó le jù ni kí ẹ fi di ẹrù láti ilé.

Bí ẹ ṣe ń tò ó nìyí. Ohun tó wúwo ń lọ sí ìhà táyà, kí àpótí má bàa ṣubú nígbà tí ẹ bá dá a dúró, kó má sì tẹ ohun tó wà nísàlẹ̀ pa. Ìbọ̀sẹ̀ àti wáyà ń wọ inú bàtà, bàtà ń wọ inú ọ̀rá. Aṣọ tí kì í rún, ẹ ká a bí ẹní. Èyí tó ń rún, ẹ tẹ́ ẹ gbọọrọ sókè pátápátá. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tí ẹ jọ ń lọ, ẹ pín aṣọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú àpótí méjèèjì. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹni méjèèjì ló ṣì ní aṣọ, kò ní jẹ́ pé ẹnì kan ní gbogbo rẹ̀, èkejì wà níhòòhò. Mi ò mọ ìmọ̀ràn tó rọrùn tó èyí tí àwọn èèyàn kì í sì í lò.

Ohun olómi máa ń jò, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Afẹ́fẹ́ inú bàálù ń fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìgò yín á fẹ̀, á sì máa ti ìpara tàbí ọṣẹ jáde lẹ́nu ìgò. Nítorí náà, ẹ fún ìgò rọ́bà díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ tó dé e, ẹ ṣí ìdérí, ẹ fi pélébé ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá dé e lé ọ̀rá náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kó wọ inú ọ̀rá mìíràn tó ní síìpù.

Fún báàgì ọwọ́, mílílítà 100 ni òfin tó wọ́pọ̀ jù láti ọdún 2006, gbogbo ìgò náà sì gbọ́dọ̀ gba inú ọ̀rá kan tí a lè rí inú rẹ̀, tí kò ju lítà 1 lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ohun tó kù nínú rẹ̀: ìgò mílílítà 200 tí nǹkan inú rẹ̀ kù díẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Ọṣẹ ìfọyín, ìpara àti jẹ́ẹ̀lì, olómi ni gbogbo wọn lójú wọn. Àwọn pápákọ̀ kan ti ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n ti dẹ òfin náà, ṣùgbọ́n bí ibi tí ẹ ti gbéra bá gbà á, ibi tí ẹ ti máa yà lè má gbà á.

Bátìrì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Páwà báǹkì àti bátìrì lítíọ́mù tó dá wà kò gbọdọ̀ wọ àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ láé. Bí bátìrì bá bàjẹ́ nínú, ó lè gbóná dé ibi tí yóò fi gbiná fúnra rẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lókè, òṣìṣẹ́ á rí èéfín, á sì da omi lù ú. Bó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ẹrù nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tọ́wọ́ rẹ̀ lè tó o. Òdiwọ̀n tí wọ́n ń wò ni Wh (wáàtì-wákàtí), ìyẹn iye agbára tí bátìrì lè gbà. Bí ara páwà báǹkì bá kọ mAh nìkan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7, kí ẹ pín in sí 1,000. Èyí tó jẹ́ 20,000 mAh jẹ́ 74 Wh, kò sí wàhálà. Èyí tó jẹ́ 27,000 mú 99.9, ó dé etí òpin 100 Wh. Èyí tó jẹ́ 30,000 jẹ́ 111 Wh. Láàárín 100 sí 160, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé iṣẹ́ bàálù, kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ohun tó bá ju 160 lọ, kó dúró sílé. Èyí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́ náà, kó dúró sílé, torí òṣìṣẹ́ tí kò rí nǹkan kà lè gbà á lọ́wọ́ yín. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ò tún fẹ́ kí wọ́n lò ó nínú bàálù mọ́.

Ibi tí ọgbọ́n ti ń tán lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹnu ọ̀nà bàálù. Bí ààyè òkè bá kún, wọ́n á ní kí ẹ fún àwọn ní báàgì ọwọ́ yín kó lọ sísàlẹ̀. Ẹ ó wà lórí ìlà, ẹ ó sì ní ìṣẹ́jú kan péré láti yọ bátìrì, oògùn, pásípọ́ọ̀tù àti kọ̀ǹpútà jáde. Nítorí èyí, àpò kékeré kan ni mo ń kó gbogbo wọn sí, lókè pátápátá nínú báàgì ọwọ́. Bí wọ́n bá pè mí, mo fa àpò kékeré yọ, mo gbé ìyókù fún wọn. Báàgì inú báàgì ni ká sọ pé ó jẹ́.

Ẹ gba agbára sí gbogbo ẹ̀rọ kí ẹ tó sùn. Ní pápákọ̀ kan, wọ́n lè ní kí ẹ tan fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, èyí tí kò bá sì tàn kò ní wọ bàálù.

Ní ti iná ìlú tí ẹ ń lọ, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ INPUT sí lára ṣájà. Bó bá jẹ́ "100–240V, 50/60Hz", ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan lẹ nílò láti pààrọ̀. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ má kì í bọ iná 230V, ì báà jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ wọlé. Ó máa jó ni. Ṣájà fóònù àti kọ̀ǹpútà kì í fi bẹ́ẹ̀ níṣòro yìí. Ẹ̀rọ ìgbẹrun àti áyọ́ọ̀nù ló sábà máa ń jóná bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wúwo, nítorí náà ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Oògùn ń lọ nínú páálí tirẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà tó kọ orúkọ èròjà rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fi ń tà á nìkan, torí orúkọ ọjà ń yí láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ẹ mú èyí tó máa tó gbogbo ọjọ́ náà àti ti ọ̀sẹ̀ kan lé e. Oògùn tó ní codeine tàbí pseudoephedrine (èròjà inú àwọn oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn kan), tí a ń rà wọ́ọ́rọ́wọ́ níbòmíràn, lè kó èèyàn sí wàhálà ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Japan le gan-an lórí èyí. Insulin (oògùn àtọ̀gbẹ tí a ń gún) kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ bàálù, nítorí bó bá dì bíi yìnyín, agbára rẹ̀ ti lọ, kódà bó bá tún yọ́ padà tó sì mọ́ lójú.

Ẹran, wàrà, èso, irúgbìn àti ewéko ni àwọn aṣọ́bodè kì í fojú kékeré wò, pàápàá ní Australia àti New Zealand. Bí ẹ bá mú ohunkóhun tó jọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín kí ọ̀rọ̀ sì tán; ohun tí ẹ fi pamọ́ ló ń di owó ìtanràn. Owó tó bá ju dọ́là 10,000 lọ náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé fún ẹni tó ń wọ Amẹ́ríkà, àti yúrò 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń wọ Àjọ Ìparapọ̀ Yúróòpù.

Kí àpótí ńlá tó tì, ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀ àti òde rẹ̀. Ẹ já gbogbo ìlẹ̀mọ́ ìrìn àjò àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, títí kan àwọn tó kéré bí èékánná, torí ẹ̀rọ lè ka ti àtijọ́ kó sì darí àpótí yín gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ fi pépà tó ní orúkọ, fóònù àti ímeèlì yín sínú rẹ̀. Ti òde máa ń já. Bí kò bá dé, ẹ má kúrò nínú gbọ̀ngàn ẹrù kí ẹ tó gba ìwé ẹ̀sùn ẹrù tí wọ́n ń pè ní PIR, nọ́ńbà orí ìlẹ̀mọ́ kékeré tí wọ́n fún yín sì ni wọ́n máa béèrè. Lábẹ́ Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, ọjọ́ 7 lẹ ní láti kọ̀wé nípa àpótí tó fọ́, ọjọ́ 21 nípa èyí tó pẹ́, bí ọjọ́ 21 bá sì kọjá tí kò tíì dé, ẹ lè kà á sí èyí tó sọnù. Owó tí wọ́n lè san ní òpin, nítorí náà ẹ̀ṣọ́ wúrà kì í lọ sísàlẹ̀.

Ẹ sọ fún báǹkì pé ẹ ń rìnrìn àjò. Ẹ mú káàdì méjì tí kò sí nínú àpò kan náà. Níbi ìsanwó lókè òkun, bí ẹ̀rọ bá béèrè bóyá owó ilẹ̀ yín tàbí owó ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ fẹ́ san, ti ibẹ̀ ni kí ẹ mú. Pàṣípààrọ̀ tí ẹ̀rọ náà bá bá yín ṣe sábà máa ń gbówó lórí jù. Bó bá jẹ́ pé orí síìmù ilé ni báǹkì ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí, ẹ tan rómíǹgì rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, torí òmíràn kì í ṣeé tàn láti òkèèrè.

Ilé kò gba àkókò púpọ̀: gáàsì, ẹnu omi, pílọ́ọ̀gì, ìdọ̀tí.

Aṣọ tí ẹ máa wọ̀ ti wà lórí àga, èyí tí kò fún yín nídìí àti ní orúnkún, torí ẹsẹ̀ ń wú lórí ìjókòó gígùn. Bí ìrìn náà bá ju wákàtí 4 lọ, ẹ máa dìde rìn. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ méjì àti ṣéètì kan wà nínú báàgì ọwọ́. Áláàmù méjì, lórí ẹ̀rọ méjì. Mo máa ń fẹ́ wà ní pápákọ̀ wákàtí 3 ṣáájú ìgbéra, mo sì ń ka wákàtí yẹn padà sẹ́yìn kí n tó mọ ìgbà tí mo máa sùn.

Lẹ́nu ọ̀nà, nǹkan márùn-ún ni mo ń fọwọ́ kàn: pásípọ́ọ̀tù, fóònù, káàdì, oògùn, dígí ojú. Bí márààrún bá pé, mo ti ilẹ̀kùn, mi ò sì ń padà wọlé lọ wá ẹ̀kẹfà.